Lola Mora: Ère Tí Wọn Kò Jẹ́ Kó Jókòó Síbì Kan

Ní ọdún 1902, àwọn àpótí ńláńlá tí òkúta mábù kún inú wọn gúnlẹ̀ sí èbúté Buenos Aires, olú-ìlú Ajẹntínà. Róòmù ni wọ́n ti ń bọ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Lola Mora ló ni wọ́n. Wọ́n fi pákó ṣe ọgbà yí ibi tó ti máa to òkúta náà jọ ká, àmọ́ ọgbà pákó kò lè dí ojú ará ìlú. Ṣe ni wọ́n ń wá yọjú wo obìnrin tó wọ ṣòkòtò, tó dé fìlà, tó mú òòlù dání, tó ń parí iṣẹ́ lára àpáta funfun. Láyé ìgbà yẹn, kí obìnrin wọ ṣòkòtò ní gbangba nìkan ti tó ọ̀rọ̀ sọ. Ká má tíì wá sọ èyí tó ń gbẹ́ ọkùnrin àti ẹṣin jáde lára òkúta.

Dolores ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Salta àti Tucumán, ní apá àríwá orílẹ̀-èdè náà, ń bá ara wọn du ibi tí wọ́n bí i sí ní 1866. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kú tẹ̀léra wọn ní 1885, láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni Santiago Falcucci, ayàwòrán ará Ítálì, dé sí Tucumán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ọmọ òrukàn yìí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ojú èèyàn. Ní 1894, ó fi èédú ya àwòrán ogún gómìnà tó ti jẹ ní ìpínlẹ̀ náà. Iṣẹ́ yẹn ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ní 1896 ìjọba fún un lówó ẹ̀kọ́, ó sì gba Róòmù lọ.

Àwòrán ló bá lọ, ère ló bá bọ̀. Ọ̀dọ̀ ayàwòrán Francesco Paolo Michetti ló kọ́kọ́ wà, àmọ́ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Giulio Monteverde, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ère, ó pa kíkùn tì. Iṣẹ́ mábù kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yọ̀bọ́kẹ́. Amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi mọ ère, wọ́n á da píláásítà sí i kó lè mú àwòkọ́ rẹ̀, wọ́n á wá wọn gbogbo ibi tó yọ àti ibi tó wọnú lára rẹ̀ kí wọ́n tó fi irin kan òkúta. Bí irin bá yẹ̀ níbi imú tàbí ìka, kò sí àtúnṣe, nítorí òkúta kì í hù padà.

Ìsun omi tó fi òkúta inú àpótí wọ̀nyẹn tò ni iṣẹ́ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Owó ohun èlò nìkan ló gbà lọ́wọ́ ìlú Buenos Aires, kò gba owó ọwọ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀, ìkarahun ńlá kan gba omi. Nínú rẹ̀, ọkùnrin mẹ́ta ń fa ìjánu ẹṣin tó ń ta pọ́n-ún, iṣan apá wọn le. Láàárín, àwọn ọmọbìnrin inú omi méjì, irú èyí tó wà nínú ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì, lọ́ ìrù ẹja wọn mọ́ àpáta, wọ́n sì gbé ìkarahun mìíràn sókè. Fẹ́núsì, òrìṣà ẹwà, jókòó sórí rẹ̀, ní ìhòòhò, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lódò.

Ìhòòhò yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Plaza de Mayo, gbàgede tó wà níwájú ilé ìjọba, ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn láti gbé e sí. Àwọn kan fárígá: kàtídírà wà níbẹ̀, èèwọ̀! Ni wọ́n bá gbé e lọ sí Paseo de Julio, tí wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún, 1903. Kò tán síbẹ̀. Ní 1918, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n kó o lọ sí Costanera Sur létí odò, níbi tó jìnnà sí àárín ìlú. Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Ní tèmi, ìyẹn kì í ṣe àbùkù fún òkúta náà rárá. Omi ló bá ìtàn rẹ̀ mu.

Èyí tó ṣe fún Tucumán rí ibi jókòó sí ní tirẹ̀. Ère Òmìnira àti ère amòfin Alberdi wà níbẹ̀ láti 1904, àwọn àwòrán idẹ ńlá méjì tó fi sọ ìtàn ìjà òmìnira, ti 1810 àti ti 1816, sì wà nínú ilé tí wọ́n ti kéde òmìnira orílẹ̀-èdè náà. Ṣùgbọ́n ọdún 1904 yẹn náà ni Ààrẹ Julio Roca, tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ tó sì ń gbè é lẹ́yìn, kúrò lórí oyè. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó dé bá Lola lẹ́yìn náà, èmi kò rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà ère ni. Ẹni tó ń gbè é ti lọ, ni ẹnu bá gbà á.

Ó gbẹ́ ère fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun. Àwọn ìwé ìròyìn bú u, àwọn aṣòfin bú u, wọ́n sì yọ àwọn ère náà kúrò ní 1915. Wọ́n tú wọn ká bí ọmọ òrukàn tí ẹbí pín tọ́: nínú ère àwọn olóṣèlú àtijọ́, Alvear lọ sí Corrientes, Laprida lọ sí San Juan, Zuviría lọ sí Salta, Fragueiro lọ sí Córdoba. Àwọn ère Àlàáfíà, Ìlọsíwájú, Òmìnira àti Ìdájọ́ Òdodo bọ́ sí Jujuy, ní òkè téńté orílẹ̀-èdè náà.

Ti ìlú Rosario ló dùn mí jù. Létí odò Paraná níbẹ̀ ni Ọ̀gágun Belgrano ti kọ́kọ́ ta àsíá Ajẹntínà ní 1812, ìjọba sì gbé iṣẹ́ ère ìrántí rẹ̀ fún Lola ní 1909. Ó ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1925, wọ́n fagi lé àdéhùn náà. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 1957, tí òkúta Lola sì di ohun tí wọ́n ń gbé káàkiri. Ó ti pẹ́ gan-an kí wọ́n tó to ère rẹ̀ sínú omi Pasaje Juramento, ojú ọ̀nà tó wọ ibi ìrántí náà.

Ó fẹ́ Luis Hernández Otero ní 1909, ọkùnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa. Wọ́n pínyà lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Lẹ́yìn tó fi irin ère sílẹ̀, ó lọ ń wá epo rọ̀bì lára òkúta ní Salta. Ibẹ̀ ni owó rẹ̀ wọlẹ̀ sí. Ó kú ní Buenos Aires ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà, 1936, tálákà ni.

Láti 1998, òfin ti sọ ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ ìbí rẹ̀, di ọjọ́ àwọn agbẹ́rè ní Ajẹntínà. Ní 2014, àwọn aṣòfin dá àwọn ère ọjọ́sí padà sí iwájú ilé wọn, àmọ́ ẹ̀dà ni wọ́n ní láti ṣe. Ojúlówó wà níwájú ilé ìjọba Jujuy, àwọn ará ibẹ̀ kò sì fi í sílẹ̀.