Ọjọ́rú tí Tanímọ̀la wọ Lọ́ńdọ̀nù

Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ni wọ́n bí ajá tó ń jẹ́ Tanímọ̀la sí, lẹ́yìn ilé ìdáná Màmá mi. Kì í ṣe ajá òyìnbó. Ajá ìbílẹ̀ ni, aláwọ̀ pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ nà ṣánṣán, ìrù rẹ̀ ká sókè. Àbúrò mi obìnrin, Ìyá Ìbejì, ló ni ín. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejì, Tanímọ̀la ṣẹ́ kù sọ́dọ̀ Màmá. Ní oṣù Kọkànlá, Ìyá Ìbejì padà wálé wá mú un. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì gbéra nìkan ni mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ níhìn-ín. Ohun tí ojú mi rí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí mo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ṣà á jọ láti inú àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp, láti inú ìwé tí wọ́n lù lóǹtẹ̀, àti láti ẹnu àbúrò mi fúnra rẹ̀.

Aago 3:10 òru

Ilé ìbátan wa kan ní Àjàó Estate la sùn sí, torí ẹni tó fẹ́ dé pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed kí ilẹ̀ tó mọ́ kò gbọdọ̀ gbójú lé ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Kí n tó jí, Ìyá Ìbejì ti jókòó sílẹ̀ nínú pálọ̀, ajá gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Oúnjẹ díẹ̀ ló fún un, kò tó ìdajì èyí tó máa ń jẹ. Omi ló jẹ́ kó mu dáadáa.

Ẹnì kan nínú ilé béèrè pé ṣé a kò ní fún un ní oògùn oorun, kó má baà gbó títí dé òkèèrè. Rárá o. Dókítà ẹranko ti kìlọ̀ fún wa tipẹ́. Ajá tó ti mu oògùn oorun kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń mì, mímí lè nira fún un lókè lọ́hùn-ún, kò sì ní sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú pàápàá kì í gba irú ajá bẹ́ẹ̀.

Aago 3:50

Ó wọ inú kéèjì fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ Màmá nìyẹn. Láti oṣù Kẹsàn-án ni kéèjì ti wà ní ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, inú rẹ̀ sì ni Màmá ń gbé oúnjẹ ajá sí láràárọ̀, títí ó fi di iyàrá rẹ̀. Òfin IATA, àjọ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé, ni pé ajá gbọ́dọ̀ lè dìde dúró nínú kéèjì láìjẹ́ pé orí rẹ̀ kan òrùlé, kó lè yí padà, kó sì lè nà gbalaja. Abọ́ omi gbọ́dọ̀ wà lára ilẹ̀kùn, níbi tí èèyàn ti lè rọ omi sí i láti ìta láìṣí i. Ìyá Ìbejì tẹ́ ìró àǹkárá Màmá kan tó ti gbó sí i nísàlẹ̀. A ò fọ ìró náà, kí òórùn Màmá lè wà lára rẹ̀.

Aago 5:05 ìdájí

A dé ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù kágò. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé ajá tó ń ti ilẹ̀ wa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè bá olówó rẹ̀ wọlé bíi báàgì. Bí ẹrù kágò ló gbọ́dọ̀ wọlé, pẹ̀lú ìwé ẹrù tirẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà.

Èjẹ́ńtì tó ń bá wa ṣètò ìrìn àjò ajá tú fáìlì sórí tábìlì. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí fáìlì yìí díẹ̀, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ ló sọ bóyá ajá yóò lọ tàbí kò ní lọ, láti oṣù Kẹfà.

Tanímọ̀la ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi láti kékeré, Màmá sì tọ́jú káàdì rẹ̀. Káàdì náà kò wúlò. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá gún fún ajá kí wọ́n tó fi ṣíìpù sábẹ́ awọ rẹ̀, bí ẹni tí kò gún ni lójú òfin Gẹ̀ẹ́sì, torí kò sí ohun tó fi hàn pé ajá yìí gan-an ló gbà á. Nítorí náà, ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà, dókítà fi ṣíìpù tó kéré bíi hóró ìrẹsì sí i lọ́rùn, onínọ́ńbà 15, lẹ́yìn náà ló wá gún un lábẹ́rẹ́ mìíràn. Ó gbọ́dọ̀ pé ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán kí wọ́n tó lè gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀; ọjọ́ 14 oṣù Keje ni wọ́n gbà á. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò kan lókè òkun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ́wọ́ gbà, láti wò ó bóyá agbára àjẹsára inú rẹ̀ tó 0.5 IU nínú mílílítà kan. Ó tó, ó lé. Síbẹ̀, oṣù 3 gbáko gbọ́dọ̀ kọjá láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ kí ajá tó lè fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ wọn. Kò sí owó tí èèyàn lè san, kò sí ẹni tí èèyàn lè bẹ̀, tí yóò sọ oṣù 3 di oṣù 2.

Ìdí tí Ìyá Ìbejì fi ní láti padà wálé náà wà nínú fáìlì yẹn. Ajá àti ẹni tó ni ín kò gbọdọ̀ fi ju ọjọ́ 5 lọ ṣáájú ara wọn tàbí kẹ́yìn ara wọn wọlé. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, òfin ajá ọjà ni wọn yóò fi bá a lò, èyí sì le ju ti ajá ilé lọ. Ẹni tó bá rò pé òun á kọ́kọ́ lọ tẹ̀dó, kí àwọn ará ilé wá fi ajá ránṣẹ́ tó bá yá, wàhálà owó ló ń kó ara rẹ̀ sí.

Aago 6:20

Akọ̀wé tó ń yẹ ìwé wò dá ọwọ́ dúró lórí ìwé ẹ̀rí ìlera.

"Ìyá, aago mélòó ni wọ́n fún ajá yìí ní oògùn aràn?"

"Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé, ọ̀gá."

"Mi ò rí i níbí. Ọjọ́ nìkan ni wọ́n kọ."

Ó tọ̀nà. Oògùn aràn yìí gbọ́dọ̀ wọ inú ajá ní wákàtí 24 ó kéré tán kó tó dé, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 120 lọ. Wákàtí ni òfin ń kà, kì í ṣe ọjọ́. Ìdí nìyí tí àyè fi wà nínú ìwé náà fún aago. Àyè yẹn ṣófo. Akọ̀wé ní bí ìwé bá dé Lọ́ńdọ̀nù báyìí, wọ́n lè ti ajá mọ́lé lọ́dọ̀ wọn tàbí kí wọ́n dá a padà, kí olówó rẹ̀ sì san gbogbo owó rẹ̀. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà títí di òní, nítorí ẹlòmíràn ì bá lu òǹtẹ̀ kó sì jẹ́ kí wàhálà ọ̀hún dúró dè wá lọ́hùn-ún.

Èmi náà kò lè fi gègé mi kọ aago sí i, bẹ́ẹ̀ ni èjẹ́ńtì kò lè kọ ọ́. Dókítà tó fọwọ́ sí ìwé ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kó fọwọ́ sí i, kó sì lu òǹtẹ̀ sí i. Ìkẹjà ló ń gbé. Aago 7:30 ni wọn yóò sì ti ìwé ọkọ̀ náà.

Aago 6:31

Dókítà gbé fóònù nígbà ìpè kẹta. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Ìbejì: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo pè yín láàárọ̀ kùtù." Ó ṣàlàyé. Ó tún ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kí ọ̀nà là fún yín, sà." Ó wá bọ́ sí ìta, ó jókòó ti kéèjì, ó ki ìka sáàárín irin. Ajá lá ìka náà. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo gbogbo ọ̀kadà tó ń wọlé.

Aago 7:22

Ọ̀kadà gbé Dókítà dé, ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́ àti sálúbàtà, òǹtẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀. Ó kọ 16:00. Ó fọwọ́ sí i. Ó lu òǹtẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ wa.

Aago 8:00

Wọ́n wọn ajá pẹ̀lú kéèjì, wọ́n mú ajá jáde láti yẹ inú kéèjì wò, wọ́n dá a padà. Òṣìṣẹ́ kan lẹ bébà aláwọ̀ ewé tó sọ pé abẹ̀mí wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn lára. Iye tí Ìyá Ìbejì san fún kágò ju owó tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ ládùúgbò: kí ni wọ́n ń ná irú owó bẹ́ẹ̀ lé ajá lórí fún? Àwọn ìbejì ti fi ilé, ilé ẹ̀kọ́, ọ̀rẹ́ àti Màmá wọn àgbà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọn kò sì bi wọ́n kí wọ́n tó kó wọn lọ. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè láti oṣù Kejì: ajá yìí. Ilé ọdẹ ni wọ́n ti bí bàbá mi. Níbẹ̀, wọ́n kì í sin ajá bíi ti ẹran lásán tó bá kú, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ìdí rẹ̀. Owó náà tọ́ ná.

Aago 8:40

Ìyá Ìbejì gba ibi tí àwọn èrò ti ń wọkọ̀ lọ. Mo padà sí Àjàó.

Aago 11:25

Ọkọ̀ gbéra. Nígbà tí àbúrò mi béèrè, òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ dá a lóhùn pé ọ̀gá awakọ̀ ti mọ̀ pé ajá wà nísàlẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: wọ́n máa ń fi ìwé sọ fún awakọ̀ bí abẹ̀mí bá wà nínú ikùn ọkọ̀, kó lè jẹ́ kí atẹ́gùn àti ìwọ̀n ooru ibẹ̀ wà bó ṣe yẹ.

Ọ̀sán

Fún wákàtí mẹ́fà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè ṣe. Aṣálẹ̀ Sàhárà wà nísàlẹ̀ wọn. Màmá pè láti Mọ́kọ́lá, ó ní, "Kí ni ajá ṣe fún wọn tí wọ́n fi ń ṣe é bí ọ̀daràn?"

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Àrùn dìgbòlugi ni wọ́n ń sá fún. Wọ́n ti lé e kúrò nílẹ̀ wọn ní 1902. Ní 1918, bí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣe ń parí lọ, ajá tí wọ́n yọ́ gbé wọlé tún mú un padà, ó sì di 1922 kí wọ́n tó rẹ́yìn rẹ̀ lára àwọn ẹran orí ilẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ajá tó bá ti òkèèrè wá ń lo oṣù 6 ní àtìmọ́lé, títí di 2000 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ṣíìpù, abẹ́rẹ́ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè kan. Ìlànà oṣù 3 tí Tanímọ̀la gbà kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àánú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá nílé ju bí a ṣe rò lọ. Ní 1956, lára àdán tí wọ́n mú ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n ti rí kòkòrò àrùn kan tó bá dìgbòlugi tan. "Lagos bat virus" ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é lágbàáyé di òní. Ní 1968, wọ́n rí òmíràn lára asín n'Ìbàdàn, Mọ́kọ́lá ni wọ́n sọ ọ́, àdúgbò Màmá gan-an. Dìgbòlugi fúnra rẹ̀ ṣì ń pa èèyàn nílẹ̀ wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń pa lọ́dọọdún, Áfíríkà àti Éṣíà ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn wà, ajá ló sì ń kó o ran èèyàn nínú 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára èèyàn, ikú ló máa ń yọrí sí.

Màmá dákẹ́. Ó wá ní, "Wọn ò jẹ̀bi nígbà náà."

Aago 4:50 ìrọ̀lẹ́, Lọ́ńdọ̀nù

Ọkọ̀ balẹ̀ sí Heathrow. Aago 5:50 ni lọ́dọ̀ wa. Wákàtí 50 ó dín ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ìgbà tí ajá gbé oògùn aràn mì.

Aago 5:45, Lọ́ńdọ̀nù

Wọ́n gbé kéèjì lọ sí ilé ìgbàlejò àwọn ẹranko ní Heathrow, tí City of London Corporation ń bójú tó. Ọkọ àbúrò mi àti àwọn ìbejì ti dúró síbẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sí ajá lọ́rùn, wọ́n ka nọ́ńbà 15 náà, wọ́n fi wé ìwé ẹ̀rí, wọ́n tún fi wé ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n wo àyè aago oògùn aràn. 16:00 wà níbẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀. Aṣọ́bodè kan wo ìwé ToR1 tí àbúrò mi gbà pé òun ń kó ẹrù ilé òun wọ̀lú, èyí tí kò jẹ́ kí wọ́n gba owó orí lórí ajá.

Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó. Kẹ́hìndé sùn lọ. Táyé kò sùn.

Aago 8:55

Wọ́n mú un jáde. Ó fi imú gbọ́ òórùn ilẹ̀, ó gbọ́ òórùn bàtà Táyé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Àbúrò mi ní òun kò gbọ́ kó hu bẹ́ẹ̀ rí n'Ìbàdàn. Fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò tó ìṣẹ́jú kan. Màmá ti jẹ́ kí gbogbo ilé wò ó.

Ẹ̀yin tó ń gbèrò láti kó ilé yín kọjá òkun lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó san owó físà, ẹ fi ṣíìpù sí ajá yín lára, kí abẹ́rẹ́ sì tẹ̀ lé e, nítorí oṣù wọ̀nyẹn kò ṣeé rà padà. Ẹ̀yin tí ajá yín kò ní rìn kọjá ẹnu géètì láyé rẹ̀, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kí ọdún yìí tó parí, nítorí àwọn ọmọ tó ń bá a ṣeré.