Ìró elétí-méjì fún áńpù gìtá

Ìró elétí-méjì jẹ́ ìró tí a ṣètò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún etí ọ̀tún àti etí òsì, kí ẹni tó ń fi hẹ́ẹ̀dìfóònù gbọ́ ọ lè mọ ibi tí ó ti ń wá. Fún áńpù gìtá, ọ̀nà méjì ni a ń gbà ṣe é: gbígbà á sílẹ̀ àti fífi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé rẹ̀.

Bí etí ṣe ń mọ ibi tí ìró ti wá

Ìró tó bá wá láti ẹ̀gbẹ́ kan máa ń kan etí tó súnmọ́ ọn kí ó tó kan èkejì. Ìyàtọ̀ àkókò náà kì í ju nǹkan bíi 0.7 mílísẹ́kọ́ńdì lọ. Ewé etí náà a máa yí ìró padà, pàápàá èyí tó ga ju nǹkan bíi 5 kHz lọ. Ìyípadà yìí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí a mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn.

Ìró tí a gbà sílẹ̀

Orí àtọwọ́dá tó ní máíkì nínú etí rẹ̀ méjèèjì ni a ń gbé síwájú áńpù. Ọ̀kan lára irú orí bẹ́ẹ̀ ni KU 100, tí ilé-iṣẹ́ Neumann ní Jámánì gbé jáde ní 1992. Lou Reed lo ọ̀nà yìí fún àwo orin Street Hassle (1978).

Ìró àfarawé

Níhìn-ín, ètò kọ̀ǹpútà a máa fi ìwọ̀n bí orí àti etí ṣe ń yí ìró padà kún ìró gìtá. Ní 1994, Bill Gardner àti Keith Martin ní MIT, Amẹ́ríkà, gbé irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ jáde láti ibi 710 yí orí àtọwọ́dá KEMAR ká. Hẹ́ẹ̀dìfóònù BOSS Waza-Air tilẹ̀ ń mọ ìgbà tí olùgbọ́ bá yí orí.

Ìfiwéra

Sìpíkà áńpù gìtá kì í sábà gbé ìró tó kọjá 5 kHz jáde púpọ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ ewé etí dínkù, ìró iwájú sì lè dà bí ẹni pé ẹ̀yìn tàbí inú orí ni ó wà. Ìró tí a gbà sílẹ̀ ń gbé ìró iyàrá náà gan-an wá, ṣùgbọ́n bí olùgbọ́ bá yí orí, áńpù náà yóò bá a yí. Àfarawé tó ń tọpa orí lè mú áńpù dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ìró iyàrá rẹ̀ kò dára ju ìṣirò tí a fi ṣe é lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ fi méjèèjì wéra gbọ́dọ̀ lo orin kan náà, kí agbára ìró wọn sì dọ́gba, nítorí etí sábà máa ń ka èyí tó ròkè sí èyí tó dára jù.