Àwọn Ìyá Tó Di Nọ́ọ̀sì Lẹ́yìn Ọgbọ̀n Ọdún

Ìtàn bí ọjà wa ṣe bẹ̀rẹ̀ ni akọ̀wé sábà máa ń kọ sínú ìwé yìí, gbogbo wa la sì ti mọ ìyẹn tán. Lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí n gba ibòmíràn yọ. Ìtàn àwọn obìnrin tó ti lọ́kọ, tó ti bímọ, tó ti ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ wọn, kí wọ́n tó wọ ilé-ìwé nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ sọ. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Florence Nightingale tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní ìyá wọn, ọdún 1820 ni wọ́n bí i. Ọmọ olówó ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó ní òun fẹ́ máa tọ́jú aláìsàn, ilé fàáké kọ́rí, torí láyé ìgbà náà, iṣẹ́ ẹni tí kò rí nǹkan mìíràn ṣe ni wọ́n ka iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí. Ọdún 1851 ló tó ráyè lọ kọ́ṣẹ́ fún bí oṣù mẹ́ta ní Kaiserswerth, ní ilẹ̀ Jámánì. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ó ti pé ọmọ ọdún 31. Lẹ́yìn tó ti ogun Crimea dé ni wọ́n dá ilé-ìwé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní St Thomas' Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1860. Ọjọ́ orí tí ilé-ìwé yẹn ní òun fẹ́ jù lọ, láti ọdún 25 sí 35 ni. Wọn ò wá ọmọdé rárá. Ẹni tí ojú ẹ̀ ti là, tó lè jókòó ti ẹni tí ẹ̀mí ń bọ́ lọ láìsá jáde, ni wọ́n ń wá. Ẹ̀yìn ìyẹn layé tó sọ ọ́ di iṣẹ́ ọmọge.

Ilé-ìwé yìí kan náà ni ọmọ Yorùbá kan rìnrìn àjò lọ bá lọ́dún 1946. Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Èkó ni wọ́n bí i sí, ó lọ sí CMS Girls' School, ó sì kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní United Missionary College, Ìbàdàn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú láti kékeré, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ sí i, ló bá di tíṣà. Ó fẹ́ ọkọ, apòògùn ni ọkọ rẹ̀. Ìgbà tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tó ti lóun ò ṣe tíṣà mọ́, ló kọjá sí òkè òkun láti bẹ̀rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ẹni tó ti ń pàṣẹ fún kíláàsì kan tẹ́lẹ̀, ẹ wo bó ṣe máa rí lára rẹ̀ láti padà máa gba àṣẹ. Aláìsàn kan tiẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò gbà kó tọ́jú òun nítorí pé èèyàn dúdú ni. Síbẹ̀, lọ́dún 1950, ó yege, ó di SRN. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ètò ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ọdún 1954 ló padà wálé, sí UCH Ìbàdàn. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọn ò kọ́kọ́ gbà kó jẹ́ ọ̀gá wọ́ọ̀dù? Àwọn òyìnbó ni wọ́n fi irú ipò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún nígbà náà. Àmọ́ pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Ní 1964, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di matron UCH. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1965, ó wà lára àwọn tó jẹ́ kí Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ó tún ṣe kọmíṣọ́nà ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ Èkó láàárín ọdún 1970 sí 1980. Ọdún 1992 ni ìyá náà papò dà. Orúkọ rẹ̀ sì ro ó dáadáa: kò fi owó ra ọlá, iṣẹ́ ló fi rà á.

Nílé níbí ńkọ́? Nígbà tí àwa tá a ti lé ní àádọ́ta yìí wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọmọ tó bá wọ ilé-ìwé nọ́ọ̀sì, inú họ́sítẹ́ẹ̀lì ló ń gbé, ìjọba a máa fún un lówó díẹ̀ lóṣooṣù. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n òfin wọn le. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ẹni tó bá lóyún, ó di kó kó ẹrù ẹ̀. Ẹgbẹ́ mi tó bá ti lọ ilé ọkọ láìtíì kàwé tán, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Ẹ má jẹ́ ká máa sọ pé àwọn ìyá wa ò fẹ́ kàwé. Òfin ló yọ wọ́n sílẹ̀, òmíì nínú wọn ìbá jẹ́ matron lónìí dípò kó máa wọn èlùbọ́.

Ọ̀kan nínú wa ṣe é. Ó ní kí n má dárúkọ òun, àmọ́ gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Gàrí àti èlùbọ́ ló ń tà. Ọmọ mẹ́ta ló bí, ó sì ti lé ní ọdún 35 kó tó gbé ìwé padà. Wàhálà àkọ́kọ́ ni wáẹ̀kì. Wọ́n ní kírẹ́dì márùn-ún gbọ́dọ̀ pé: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, Biology, Chemistry àti Physics, kò sì gbọ́dọ̀ ju ìjókòó méjì lọ. Ẹni tó ṣe ìwé ìṣòwò ní sẹ́kọ́ńdìrì, níbo ló ti fẹ́ rí Physics? Ó lọ sí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, òun àti ọmọ rẹ̀ àgbà ló ń jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ọmọ yẹn ló ń bá a ṣàlàyé Chemistry. Nígbà tí èsì jáde, ilé-ìwé kan kọ̀ ọ́ pé ó ti dàgbà jù. Òmíràn gbà á.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni. Àárọ̀ kíláàsì, ọ̀sán wọ́ọ̀dù, òru wọ́ọ̀dù. Ó ní orúkọ eegun ara ló fẹ́ẹ̀ lé òun wálé, torí ọpọlọ àgbà kì í tètè há nǹkan sórí mọ́. Káàdì kéékèèké ló kọ wọ́n sí, ó ń kà á nínú bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ìṣirò oògùn, àwọn ọmọdé ń sunkún, òun ń rẹ́rìn-ín. Dókítà kọ miligíráàmù 250, èyí tó wà nínú ìgò jẹ́ 125 nínú mílílítà márùn-ún. Mílílítà mélòó ni wọ́n máa fún aláìsàn? Mẹ́wàá ni. Ta ló fẹ́ kọ́ ẹni tó ti ń pín kóńgò sí ìlàjì àti ìdámẹ́rin láti ọjọ́ pípẹ́ ní ìyẹn? Lọ́dọ̀ aláìsàn náà, kò sí ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ tó òun, torí oníbàárà ni gbogbo wọn lójú ẹ̀. Ìdánwò àṣekágbá ti Council, ó tún bébà kan ṣe kó tó yege.

Owó ló fẹ́ pa á. Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ wa, oṣù méjìlá la fi ń dá a padà, òun kò sì ráyè jókòó ti ọjà mọ́. Àbúrò rẹ̀ ń bá a ta á, èrè ò pé bó ṣe yẹ. Ó ta fíríìsà, ó gba àjọ ṣáájú àkókò, àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì sì gbé ìyà kan tàbí méjì mì fún un. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo ń kọ ìwé. Ó san án tán. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí owó wa ń ṣòfò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ń san owó fún ilé ìwòsàn aládàáni kí wọ́n lè sọ ọmọ wọn di "auxiliary". Council tó ń ṣàkóso nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà kò mọ ìwé ẹ̀rí yẹn rí. Ẹni tó ṣe é kò lè fi forúkọ sílẹ̀ bíi nọ́ọ̀sì láé. Ilé-ìwé tí Council fọwọ́ sí nìkan ni kẹ́ ẹ wá. Púpọ̀ nínú wọn ti di kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí, ND àti HND ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tí ojú ẹ̀ bá wà lókè òkun náà, kó rántí pé lọ́dún 2024 ni Council gbé òfin jáde pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ nílé kí wọ́n tó bá a fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́.

Àwọn kan ní ọjà ni ẹgbẹ́ wa wà fún, kì í ṣe ilé-ìwé. Ẹ wo ẹ̀yìn wò. Àwọn ará Rochdale tó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1844, wọ́n a máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú èrè fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ̀kọ́ wà nínú ìlànà méje tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù káàkiri ayé ń tẹ̀ lé títí dòní.

Ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí nìyí: lẹ́tà méjì wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan, ọmọ ọdún 34. Èkejì, ọmọ ọdún 41. Àwọn méjèèjì ti ní kírẹ́dì márùn-ún pé, àwọn méjèèjì ń fẹ́ ẹ̀yáwó ilé-ìwé. Ohun tí ìgbìmọ̀ gbé kalẹ̀ ni pé kí irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ máa san èlé nìkan títí wọn ó fi ṣe tán, kí wọ́n wá fi oṣù mẹ́rìnlélógún san ojú owó. Ààrẹ gbà, akápò kò tíì gbà. Òun ni ọ̀rọ̀ keje lórí ètò ìpàdé gbogbogbò wa. Kí kálukú mú káàdì rẹ̀ dání, ẹni tí kò bá mú káàdì wá kò ní dìbò.