Ọrún, Àáró àti Aago: Ìtàn Ìlò Àkókò Lẹ́nu Iṣẹ́ Láàrin Àwọn Yorùbá

Ìfáárà

A máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé aago ni ó kọ́ Yorùbá ní ìlò àkókò, àti pé kí òyìnbó tó dé, bí ó bá ṣe wu oníkálukú ni ó ń ṣiṣẹ́. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá ní òdiwọ̀n tirẹ̀: iṣẹ́ tí ó parí ni ó fi ń wọn ọjọ́. Òdiwọ̀n náà ni aago yí padà. Èdè àti ìtàn ni a óò fi gbe ọ̀rọ̀ wa lẹ́sẹ̀.

Ọrún

Ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ àbáláyé. Ṣùgbọ́n nítorí pé Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí ìkà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ọrún ni wọ́n ń pè é, èyí tí ó tọ́ka sí ọjọ́ karùn-ún. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, ìsán ni. Bí mẹ́rin bá pé, ìtàdógún ni. Orí òǹkà wọ̀nyí ni wọ́n gbé ọjà, ìpàdé ẹgbẹ́ àti èésú dídá kà. Aláró tí yóò ná ọjà ìsán gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí yóò po aró, ọjọ́ tí yóò rẹ aṣọ àti ọjọ́ tí yóò sá a, kí ọjọ́ ọjà tó pé. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dÍfá ọrọọrún. Ẹ̀kọ́ inú òwe yìí ni pé ètò kì í ṣe ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A ní láti máa padà yẹ̀ ẹ́ wò.

Àáró, ọ̀wẹ̀ àti ìwọ̀fà

Lóko, ebè tí a kọ ni a fi ń mọ iṣẹ́ òòjọ́. Nínú àáró, àwọn tí agbára wọn dọ́gba a kó ara wọn jọ. Bí wọ́n bá ṣe lóko ẹnì kìíní lónìí, oko ẹnì kejì ló kàn. Gbèsè iṣẹ́ ni àáró, iṣẹ́ ni a sì fi ń san án. Ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ oko ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré mọ ohun tí yóò bá a nígbà tí ó bá kan oko tirẹ̀. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá bí ilé kíkọ́ bá wà lọ́rùn rẹ̀ ni í bẹ ènìyàn lọ́wẹ̀, tí í sì í fún wọn ní oúnjẹ.

Ìwọ̀fà ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú The History of the Yorubas (1921). Ẹni tí ó yá owó a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó. Èlé ni iṣẹ́ náà dúró fún. Owó gan-an wà nílẹ̀ títí di ọjọ́ tí a bá san án. Síbẹ̀ ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ó ní àkókò tí í ṣe tirẹ̀. Àwùjọ tí ó lè ya àkókò olówó sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìwọ̀fà, a kò lè sọ pé kò mọ iye tí àkókò tó. A kò fi èyí yin àṣà náà o: ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó fi ìgbà èwe rẹ̀ san èlé gbèsè tí kò jẹ.

Bí aago ṣe dé

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fi ìrun márùn-ún pín ọjọ́ kí aago tó gbilẹ̀. Láti inú èdè Lárúbáwá ni wákàtí ti ṣẹ̀, ẹni tí kì í kírun pàápàá sì ń fi àlàásárì dá ìgbà. Ní 1846, àwọn ajíhìnrere CMS dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje àti agogo ilé ìsìn. Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1859 ń jáde ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síra wọn, iṣẹ́ àwọn tí ń tẹ̀ ẹ́ sì ní gbèdéke. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, èrò mọ̀ pé kì í dúró de ẹni tí ó pẹ́.

Èdè gba àlejò náà láìsọ ara rẹ̀ nù. Agogo tí a ń lù ni ó di aago. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ títí di òní pé aago mẹ́ta ti lù. Ṣíṣẹ́ ojú ni a fi dá ìṣẹ́jú, ojú àáyá tí í tètè ṣẹ́ ni a sì fi dá ìṣẹ́jú àáyá. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú iṣẹ́ ìjọba ni owó oṣù dé. Láti ìgbà náà ni a ti ń sanwó fún ọjọ́ tí ènìyàn fi wà lẹ́nu iṣẹ́, yálà ebè pé tàbí kò pé.

Àgbálọgbábọ̀

Òṣìṣẹ́ tí ó fọwọ́ sí ìwé ní aago mẹ́jọ, tí ó lọ ilé ní aago mẹ́rin, tí fáìlì àná ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀, ó pa òfin aago mọ́, ṣùgbọ́n ebè mélòó ni ó kọ? Àwa olùkọ́ tí òkìtì ìwé ìdánwò wà nílé wa kò yọ sílẹ̀. A kò ní kí a sọ aago nù. Ilé ìwòsàn àti pápá ọkọ̀ òfurufú kò lè ṣe aláìní in. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a dá ebè òòjọ́ wa mọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́rọọrún, kí a sì máa fi iṣẹ́ tí ó bá wúwo ṣe àáró: ìwé tèmi lónìí, ìwé tìrẹ lọ́la. Ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè lọ gba ọ̀rọ̀ bí ìsán àti ìtàdógún sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Bí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bá kú, wọn yóò jẹ́rìí èké pé a kò ka ọjọ́ rí.