Bẹnsíìnì: Àǹfààní àti Ewu Inú Oru

Bẹnsíìnì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Kì í ṣe bẹntiróòlù ọkọ̀. Omi mímọ́ gaara tí ń ta sánsán ni. Ó ń yọ́ ọ̀rá àti rọ́bà, ó sì tètè ń di oru. Ìwà kan ṣoṣo yìí ni àǹfààní rẹ̀, òun náà sì ni ewu rẹ̀.

Michael Faraday ni ó kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ ní ọdún 1825 ní London. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Charles Mansfield fi hàn bí a ṣe lè rí i púpọ̀ nínú ọ̀dà èédú. Ní oṣù kejì ọdún 1855, bí ó ti ń sè é fún ìpàtẹ ọjà ní Paris, ìkòkò rẹ̀ hó dànù, ó sì gbaná. Ó gbé ìkòkò náà jáde kí ilé má baà jó. Iná ọ̀hún ni ó pa á, ní ẹni ọdún 35.

Iná a máa hàn sójú. Oru kì í hàn. Nígbà kan rí ní Istanbul, àwọn aṣebàtà ń lo gọ́ọ̀mù oníbẹnsíìnì nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀. Ní ọdún 1974, Dókítà Muzaffer Aksoy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ láàrin wọn ju ti ará ìlú yòókù lọ.

Lónìí, tọ́lúíìnì, ìbátan rẹ̀, ti gba ipò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù. Òun náà ń gbaná, oru rẹ̀ sì ń kọ́ni lójú. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín láti ṣí fèrèsé kí wọ́n tó ṣí ìgò.