Ayò Ọlọ́pọ́n: Ìṣirò Tí A Gbà Lọ́wọ́ Àwọn Ọmọ Wa

 Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sínú ìwé ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí kì í ṣe ti oyè tàbí ti ọ̀nà títì. Ọ̀rọ̀ eré ni, ṣùgbọ́n eré tí àgbà fi ń gbọ́n ni.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Tunde Onakoya, ọmọ Yorùbá tí ó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní 2018, jókòó sí Times Square ní New York. Wákàtí 60 ni òun àti Shawn Martinez, ará Amẹ́ríkà, fi ta chess, kí a lè rí owó fi kọ́ àwọn ọmọ aláìní ní ìwé. Nígbà náà ni àwọn ọmọ kíláàsì wa bi wá bóyá àwa Yorùbá náà ní irú eré bẹ́ẹ̀. Ojú tì wá, nítorí àwa olùkọ́ ni a kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Íńdíà ni chess ti ṣẹ̀. Ó kọjá sí Páṣíà, àwọn Lárúbáwá gbà á níbẹ̀, ó sì tọwọ́ wọn dé Yúróòpù. Ó ní ọba, ayaba, ẹṣin àti ọmọ-ogun. Bí a bá ti ká ọba mọ́ láìsí ọ̀nà àbáyọ, eré parí. Ayò tiwa kò ní ọba. Ilé 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́rin ni ó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 48. Ọmọ kan kò ju èkejì lọ. Ẹni tí ó kàn yóò kó gbogbo ọmọ inú ilé rẹ̀ kan, yóò sì máa jó wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sápá ọ̀tún. Bí èyí tí ó kẹ́yìn bá bọ́ sílé ọ̀tá tí ọmọ ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ wọ́n.

Nítorí náà ni ọ̀ta kì í fi ọmọ kan tàbí méjì sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ ẹnìkejì lè tó. Yóò rọra kó ọmọ jọ sí ilé kan títí yóò fi di odù, yóò sì ṣírò ibi tí odù náà yóò parí sí kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀pẹ̀ ni í fi ìwàǹwára ta ayò. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Òfin kan sì tún wà tí ó wù wá púpọ̀: bí ilé ẹnìkejì bá ṣófo, dandan ni kí ẹni tí ó ní ọmọ ta sí i, kí eré lè tẹ̀ síwájú.

Eré yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ní 1623, Richard Jobson, ará Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé jáde nípa ìrìn àjò rẹ̀ sí odò Gambia, ó sì ròyìn irú rẹ̀ tí ó rí níbẹ̀. Oware ni àwọn ará Ghana ń pè é. Àwọn baba ńlá tí a kó lẹ́rú gbé e kọjá òkun. Ní Antigua, warri ni orúkọ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni Trevor Simon, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀ta tí òkìkí wọn kàn jù lọ, ti wá. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yẹ irú eré yìí wò: ipò 889,063,398,406 ni wọ́n ṣírò. Wọ́n rí i pé bí ẹni méjì kò bá ṣe àṣìṣe rárá, ọ̀mì ni yóò já sí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Àwọn baba wa Òṣómàáló gbé aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kiri ìlú onílùú, wọ́n ń tà á láwìn. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, síbẹ̀ wọ́n mọ iye tí oníkálukú jẹ, wọ́n sì lóṣòó síwájú ilé ajigbèsè títí owó fi jáde. A kò wí pé ayò ni ó sọ wọ́n di oníṣòwò. Ohun tí a ń wí ni pé ìṣirò orí àti sùúrù tí wọ́n fi là ni ọpọ́n ayò ń kọ́ni.

Kí ni àwa olùkọ́ wá ṣe? Nígbà tí àwọn ọmọ gbẹ́ ihò sílẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, a na wọ́n, a sì da ọmọ ayò wọn sígbó. Lẹ́yìn èyí ni a wọlé lọ bá wọn wí pé wọn kò mọ ìṣirò. A jẹ̀bi.

Ẹ̀bẹ̀ wa rèé. Kí ẹgbẹ́ wa ra ọpọ́n ayò fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ láti Iléṣà títí dé Òṣogbo, lọ́dọ̀ àwọn agbẹ́gilére wa. Kí a fi ẹ̀bùn sílẹ̀ lọ́dọọdún fún ọmọ tí ó bá di ọ̀ta. Kí ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi náà gbé ọpọ́n kan sí pálọ̀ yín, kí ẹ sì pe ọmọ yín jókòó. Àwọn àgbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n ta ń dín kù lójoojúmọ́. Ilé àwọn ọmọ wa ṣófo. Àwa tí a ní ọmọ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a ta sí i, kí eré má bàa parí.