Ìfọwọ́sí Kọ́ ni Ìyọ̀ǹda: Ìtàn Àṣẹ Òbí nínú Ìwádìí Ìṣègùn lórí Àwọn Ìkókó

Ìfáárà

Nínú èdè Yorùbá, ìfọwọ́sí àti ìyọ̀ǹda kì í ṣe ohun kan náà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ìfọwọ́sí: ènìyàn lè fi ọwọ́ sí ìwé tí kò kà, ó sì lè tẹ̀ka sí i nítorí pé wọ́n ní kí ó tẹ̀ka. Iṣẹ́ inú ni ìyọ̀ǹda: ẹni tó yọ̀ǹda nǹkan mọ ohun tó ń yọ̀ǹda, ó sì mọ̀ pé òun lè kọ̀. Ìyàtọ̀ yìí ló wà nídìí ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tó ti wáyé lórí ìwádìí ìṣègùn tí a fi ìkókó ṣe ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà. Láti ọdún 1947 ni ìlànà lórí gbígba ọwọ́ òbí sí ìwé ti ń pọ̀ sí i. Bóyá òbí yọ̀ǹda ní tòótọ́ jẹ́ ìbéèrè mìíràn.

Láti Nuremberg dé Helsinki

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1947, nígbà tí ilé-ẹjọ́ kan ní Nuremberg, ní Jámánì, dá àwọn dókítà ìjọba Hitler lẹ́bi fún ìwà ìkà tí wọ́n hù sí àwọn ẹlẹ́wọ̀n lórúkọ ìwádìí, àwọn adájọ́ náà to ìlànà mẹ́wàá sílẹ̀. Èkíní nínú wọn ni pé ẹni tí a fẹ́ fi ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ gbà tinútinú. Ìlànà yìí bá àgbàlagbà mu, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ lé e bó ti wà, kò sí ìwádìí tó lè wáyé lórí ìkókó, nítorí ìkókó kò lè gbà, kò sì lè kọ̀. Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Àgbáyé wá ojútùú sí èyí ní Helsinki ní oṣù kẹfà ọdún 1964: wọ́n ní alágbàtọ́ tí òfin mọ̀ lè gbà lórúkọ ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹrù ìpinnu ti bọ́ sórí òbí.

Abidjan àti Kampala

Ní ọdún 1994, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Faransé fi hàn pé oògùn AZT lè dín kíkó tí ọmọ ń kó kòkòrò HIV lára ìyá rẹ̀ kù láti ìdá 25.5 sí ìdá 8.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Oògùn náà wọ́n, ìlò rẹ̀ sì pẹ́. Nítorí náà ni àwọn olùwádìí ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ̀n tó kéré tó sì dínwó yóò ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà àti Éṣíà. Ní Abidjan, Bobo-Dioulasso àti Bangkok, wọ́n fún apá kan àwọn aboyún ní AZT, wọ́n sì fún apá kejì ní hóró oògùn tí kò ní èròjà kankan nínú.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1997, Peter Lurie àti Sidney Wolfe kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà New England Journal of Medicine pé nínú ìwádìí 16 irú èyí ní àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí, 15 ni kò fún gbogbo aboyún ní oògùn tó ń gbógun ti kòkòrò náà. Marcia Angell, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú ìwé náà, fi ọ̀rọ̀ yìí wé ìwádìí Tuskegee, níbi tí wọ́n ti fi àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ pẹ̀lú àrùn syphilis láìtọ́jú wọn. Harold Varmus àti David Satcher, tí wọ́n jẹ́ olórí àjọ ìlera ní Amẹ́ríkà, fèsì pé irú ìfiwéra yìí ni yóò tètè fi hàn bóyá oògùn tó dínwó sàn ju àìlo oògùn rárá lọ ní ibi tí oògùn kò sí.

Nínú awuyewuye náà, ohùn àwọn ìyá kò fi bẹ́ẹ̀ jáde. Kí aboyún tó lè yọ̀ǹda, ó ní láti lóye ohun mẹ́ta: pé oògùn tó ń ṣiṣẹ́ ti wà níbòmíràn, pé èyí tí wọn yóò fún òun lè jẹ́ òfìfo, àti pé ṣíṣẹ́ gègé ni yóò pinnu èyí tí yóò kàn án, kì í ṣe ìmọ̀ dókítà nípa àìsàn rẹ̀. Ìròyìn tí New York Times gbé jáde láti Abidjan ní oṣù kẹwàá ọdún 1997 fi hàn pé àwọn kan wà tí wọ́n ti wọ inú ìwádìí náà láìlóye èyí dáadáa.

Ní oṣù kejì ọdún 1998, èsì Bangkok jáde: ìwọ̀n AZT kékeré dín kíkó kòkòrò náà kù dé ìdajì. Wọ́n dá hóró òfìfo dúró ní Abidjan. Ní Kampala, ní ọdún 1999, ìwádìí ilé ìwòsàn Mulago fi hàn pé hóró nevirapine kan fún ìyá nígbà ìrọbí, àti ẹ̀kán díẹ̀ fún ọmọ láàrin wákàtí 72, sàn ju ìwọ̀n AZT kékeré lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni oògùn yìí gbà là lẹ́yìn náà. Àǹfààní ìwádìí kò pa ẹ̀tọ́ àwọn ìyá tí wọn kò lóye rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àìlóye wọn kò sọ èsì náà di asán.

Kánò, 1996

Àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ Kánò kàn kì í ṣe ìkókó, ṣùgbọ́n a kò lè sọ̀rọ̀ àṣẹ òbí ní Nàìjíríà kí a fò ó. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírunyírun ní ọdún 1996, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ 100, wọ́n sì fún 100 mìíràn ní oògùn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹbí ní ìtọ́jú ni àwọn bá wá, pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìwádìí ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn gba àṣẹ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní ọdún 2009, wọ́n bá ìjọba Ìpínlẹ̀ Kánò parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú àdéhùn owó mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ibi tí àìsàn bá ti le, tí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ sì jẹ́ ti olùwádìí, ó ṣòro fún òbí láti ya dókítà sọ́tọ̀ kúrò lára olùwádìí. Nàìjíríà gbé ìlànà ìwádìí ìlera ti orílẹ̀-èdè jáde ní ọdún 2007, Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sì sọ àṣẹ òbí lórí ọmọdé di ọ̀ràn-anyàn.

Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn

Ìwádìí AFRINEST, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2015, wáyé ní Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Nàìjíríà. Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn wà lára ibùdó rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn apakòkòrò tó rọrùn láti lò lè wo àwọn ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, tí àmì àìsàn líle wà lára wọn, nígbà tí àtigbé wọn dé ilé ìwòsàn kò bá ṣeé ṣe. Kí ọmọ tó wọ inú rẹ̀, wọ́n ti ní láti gba òbí níyànjú pé kí ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, kí òbí sì ti kọ̀ tàbí kí ó má lè lọ. Kíkọ̀ kan ló ṣáájú gbígbà. Ẹni tí kò ní owó ọkọ̀ àti owó ìtọ́jú kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tí yóò yàn.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Bàbá, ìyá ọkọ àti baálé ilé lè ní ọ̀rọ̀ láti sọ kí a tó fún ìkókó ní oògùn. Àyè kan péré ni ìwé máa ń fi sílẹ̀ fún ọwọ́ òbí. Olùwádìí tó bá ka igba ènìyàn náà sí ìdíwọ́ yóò pàdánù àwọn tó lè ran ìyá lọ́wọ́ láti ronú. Èyí tó bá sì jẹ́ kí wọ́n dáhùn dípò ìyá yóò gba ìfọwọ́sí láìrí ìyọ̀ǹda.

Wákàtí mẹ́fà

Ìwádìí HELIX fi ibi tí ọ̀rọ̀ yìí le sí jù hàn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, mímú ara ìkókó tí kò rí afẹ́fẹ́ mí tó nígbà ìbí tutù ti di ìtọ́jú tí wọ́n gbà pé ó ń dáàbò bo ọpọlọ. A gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàrin wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn ìbí. Wọ́n dán an wò lára ọmọ 408 ní Índíà, Sri Lanka àti Bangladesh. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2021, ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n mú ara wọn tutù ló kú, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 31 láàrin àwọn yòókù.

Èsì yìí fi hàn pé ohun tó gba ọmọ là níbì kan lè pa á níbòmíràn, àti pé ìwádìí pọn dandan. Ó tún fi ohun tí òbí gbọ́dọ̀ gbọ́ hàn. Nínú wákàtí mẹ́fà yẹn, ìyá lè wà lórí ibùsùn, kí àárẹ̀ ìrọbí má tíì tán lára rẹ̀. Bàbá ni wọ́n lè pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé dókítà kò mọ̀ èwo nínú ọ̀nà méjèèjì ló sàn. Ọ̀rọ̀ náà ṣòro láti sọ, ó sì ṣòro láti gbọ́, nítorí pé torí ìmọ̀ dókítà ni wọ́n ṣe gbé ọmọ wá.

Àgbálọgbábọ̀

Láti Nuremberg di òní, àríyànjiyàn ló ń bí òfin, òfin sì ń bí ìwé. Ìwé ṣe pàtàkì, nítorí òun ni ẹ̀rí tí ẹbí lè gbé dé ilé-ẹjọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ onímọ̀ èdè kò gbọdọ̀ parí sórí títúmọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá pe àkòrí rẹ̀ ní Ìwé Ìyọ̀ǹda, ó yẹ kí a ní kí òbí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́, kí a sọ fún un pé ìtọ́jú kò ní dúró bó bá kọ̀, kí a sì tún padà bi í nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá ti balẹ̀. Ìkókó tí wọ́n fi ọwọ́ sí ìwé fún lónìí yóò dàgbà. Ó lè bi ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan ohun tó gbà fún. Ó yẹ kí ìyá náà rí ìdáhùn fún un.